Ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí sípẹ́lì rẹ̀ kò dúró: ta ló jẹ̀bi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ jókòó fún WAEC lọ́dún tó ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì fẹ́ràn ìwé, ṣùgbọ́n tó bá ti kọ àròkọ, báírò pupa ni tísà fi ń bo gbogbo rẹ̀. "Definately." "Recieve." "Ocassion." "Loose" níbi tó yẹ kó jẹ́ "lose". "I leave in Ìbàdàn." Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Àbúrò mi tó wà ní London ní kí n fi í sílẹ̀, pé fóònù ló ń tún gbogbo ẹ̀ ṣe báyìí, pé àwọn òyìnbó pàápàá kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìyá kan ní ìjọ wa ní àfi ká jáwọ́ nínú Yorùbá sísọ nílé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Àbí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni kò létò?

* * *

Kì í ṣe ọ̀lẹ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí pé ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ" yìí ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá fún iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún wo àwọn àṣìṣe tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Ọmọ tó kọ "definately" gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí a ṣe kọ́ ọ láti máa kọ̀wé nìyẹn.

Nínú Yorùbá, etí ló ń darí ọwọ́. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí ìpàdé Èkó ti 1875 sì jókòó lé ọ̀rọ̀ àkọtọ́, ohun tí àwọn àgbà ń lé ni pé kí lẹ́tà máa tẹ̀lé ìró. Níbi tí lẹ́tà bá ti ṣáko, a máa ń fà á padà: àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló sọ "aiye" di "ayé", tó sọ "enia" di "ènìyàn". Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìgbìmọ̀ kankan tó ń bá a ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Caxton, òǹtẹ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster lẹ́gbẹ̀ẹ́ London ní 1476. Àsìkò yẹn gan-an ni fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, ó sì gbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta kó tó rọlẹ̀. Kó tó ṣẹlẹ̀, bí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí ṣe máa ka "time", "tíímẹ̀", ló sún mọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń pè é. "See" ń dún bí "sé". Wọ́n ń pe k inú "knee" àti "knife" jáde lẹ́nu, wọ́n sì ń pe gh inú "night" láti ọ̀fun. Ẹnu wá ṣí kúrò níbẹ̀, ìwé kò ṣí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tún dá kún un. Nígbà tí "debt" àti "doubt" ti èdè Faransé wọlé, kò sí b nínú wọn. Àwọn tó mọ Látìn ló ki b bọ̀ ọ́, kí ojú lè rí i pé ìbátan "debitum" àti "dubitare" ni wọ́n. Ti "island" tún wá burú: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìbílẹ̀ ni, kò ní s rí, wọ́n kàn ṣì í mú mọ́ "isle" tó ti Látìn wá ni.

Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ní ètò, àmọ́ ètò rẹ̀ kì í ṣe ti etí. Ojú ló ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìdílé ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí pọ̀, ṣùgbọ́n orí ẹyọ ohun yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

* * *

Nínú èsì tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yín, Màmá, mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń gbè sẹ́yìn àbúrò yín tó wà ní London: fóònù wà, kí la ń yọ ara wa lẹ́nu sí?

N kò gbà. Iṣẹ́ mi ni kíka pírúfù, ìyẹn wíwá àṣìṣe inú ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́, ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí jù ní Èkó, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí iṣẹ́ tó ti gba inú kọ̀ǹpútà kọjá láìsí ìlà pupa kankan lábẹ́ rẹ̀, tí àṣìṣe ṣì kún inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé "recieve" kò sí. Àmọ́ "form" wà, "from" náà sì wà. Lójú rẹ̀, kò sí èyí tó burú. "I leave in Ìbàdàn" pé pérépéré, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe pé òun ń fi Ìbàdàn sílẹ̀ ni òun ń sọ, pé òun ń gbé ibẹ̀ ni.

Ẹ tún rántí pé a kì í mú fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Máàkì 50 ni àròkọ WAEC ní: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí a ṣe lo èdè, 10 tó kù fún kíkọ láìsí àṣìṣe. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, ìdajì máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gé. Ogún àṣìṣe, 10 ti lọ pátá. Ọmọ tó lérò lórí, tó mọ èdè lò, á kàn máa wo ẹlòmíì tó ń kọjá lára rẹ̀ nítorí "recieve" àti "ocassion".

Lóòótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń ṣì í kọ. Tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ni. Wọ́n ń kọ "should of" dípò "should have" torí bẹ́ẹ̀ ló ń dún lẹ́nu wọn. Ọmọ Nàìjíríà kì í sábà kọ irú ẹ̀. Àwa ń kọ "am coming" dípò "I'm coming" torí pé bẹ́ẹ̀ ló ń dún létí tiwa. Kálukú pẹ̀lú etí tó ń tàn án jẹ. Ẹni tó bá mọ ibi tí etí tirẹ̀ ti ń tàn án ló lè ṣọ́ ọ.

* * *

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú láàárín àwọn tó ń fèsì ni pé a ti da oríṣi àṣìṣe méjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn kò dọ́gba.

Oríṣi kìíní ti ẹnu Yorùbá wá. A kò ní th, a kò ní v, a kò ní z, a kò ní ch. Fáwẹ́lì àìránmúpè wa sì jẹ́ méje péré. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ gédégédé lẹ́nu àwọn tó ni èdè á wá di ọ̀kan lẹ́nu wa. "Live" àti "leave" di "lífù". "Thought" àti "taught" di "tọ́ọ̀tì". "Work" àti "walk" di "wọ́ọ̀kì". "Price" àti "prize" di "práìsì". "Lose" àti "loose" di "lúùsì". Ẹni tí h máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ń fi í síbi tí kò sí, á kọ "as" fún "has", á kọ "heat" fún "eat". Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́, níbi tí ṣ ti ń di s lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, tún ní "sell" àti "shell", "sock" àti "shock" láti bá fà á.

Tí ọmọ bá kọ "my uncle walks in a bank" tàbí "am filling fine", ẹ má fìyà jẹ ẹ́ pé kó kọ "feeling" ní ìgbà àádọ́ta. Yóò kọ ọ́ tán, yóò tún ṣì í kọ lọ́la, torí pé ní orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Kí ẹ kọ́kọ́ là wọ́n fún un ní ìtumọ̀ àti ní ìró. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ wọn lẹ́nu ẹni tó lè pè wọ́n, lórí rédíò, lórí fóònù (ibi tí fóònù ti wúlò gidi nìyẹn, atúmọ̀ èdè orí rẹ̀ máa ń pe ọ̀rọ̀ síta), kó sì máa pe àwọn náà tẹ̀lé e. Oral English tí àwọn ọmọ ń sá fún ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọn kò mọ̀ pé ó ń tún sípẹ́lì ṣe.

Nínú ẹbí yìí ni "advice" àti "advise" wà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. "Advice" ni ìmọ̀ràn, ìró ìparí rẹ̀ jẹ́ s. "Advise" ni kí a gbani nímọ̀ràn, ìró ìparí rẹ̀ jẹ́ z. Ẹnu wa kò ní z, ló fi ń pa wọ́n pọ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá ti lè pe méjì yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ "practice" àti "practise", "licence" àti "license", tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń pè bákan náà. C fún ọ̀rọ̀-orúkọ, s fún ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi ti "advice" àti "advise". Ìlànà Bìrìtéènì nìyí o. Amẹ́ríkà ń kọ "practice" fún méjèèjì, wọ́n sì ń kọ "license" fún méjèèjì.

Oríṣi kejì kò kan ẹnu ẹnikẹ́ni. "Their" àti "there", "its" àti "it's", "principal" àti "principle", "stationery" àti "stationary", "whose" àti "who's", "passed" àti "past": kódà lẹ́nu ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìró kan náà ni. Kò sí etí tó lè gbani níbẹ̀. Ìtumọ̀ nìkan ni, ká mọ̀ ọ́n, ká sì dè é mọ́ ohun tó dájú. "There" wà ní ìdílé "here" àti "where", ibi ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, ẹ ó sì rí "here" nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Stationery", ìyẹn ìwé òun báírò, ọmọ "stationer" tó ń tà á ni, e ló ń lò. Èyí tí a kọ "stationary" sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà dúró sójú kan ni.

Ti "it's" kò le rárá, mo sì yà á sọ́tọ̀ torí ó pọ̀ jù. "It is" tàbí "it has" nìkan ni. Tí ẹ bá fi "it is" sí i tí gbólóhùn kò bá mọ́gbọ́n wá, ẹ yọ apostrophe yẹn kúrò. Bákan náà, "yours", "hers", "ours", "theirs", kò sí èyí tó ń gbà á. Ẹ wo ìdí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí a ń kọ nílẹ̀ yìí, ẹ ó rí "Your's faithfully" títí ó fi máa sú yín. Ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ń rí i kó tó pa lẹ́tà náà dé.

* * *

Ẹnìkan bi mí nípa "i before e except after c", pé ohun tí wọ́n fi kọ́ òun nílé ìwé nìyẹn, pé kí la tún ń wá.

Ẹ pa á tì. "Seize", "weird", "neither", "protein", "caffeine" kò bọ̀wọ̀ fún un. "Science" àti "species" fi i síwájú e lẹ́yìn c gan-an. Ìjọba Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn tísà wọn ní 2009 pé òfin yẹn kò tọ́ sí kíkọ́ni. Ibi tó ti wúlò kò ju "receive", "deceive", "conceive", "perceive", "ceiling", "receipt" lọ. Kí ọmọ mọ àwọn yẹn bí ìdílé kan, ó tán.

* * *

Èyí ni mo ti ń dúró kí ẹnìkan béèrè: ìgbà wo ni kọ́ńsónáǹtì ń di méjì? "Beginning" gba n méjì, "opening" gba ẹyọ kan. "Referred" gba r méjì láàárín, "offered" gba ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní àkọ́sórí ni. Mo lòdì sí i gidigidi, torí ibi tí ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un rèé.

Òfin ibẹ̀ ni pé tí sílébù ìkẹyìn bá ní fáwẹ́lì kan àti kọ́ńsónáǹtì kan lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ sílébù yẹn, ìyẹn ni pé ó dún kíkan ju ìyókù lọ, kọ́ńsónáǹtì á di méjì kí a tó fi "ing" tàbí "ed" kún un. Tí ohùn kò bá tẹ ibẹ̀, kò ní di méjì. Ìṣòro ọmọ ni pé, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí wọ́n tẹ̀?"

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá. Níbi tí òyìnbó bá ti tẹ ohùn ni àwa máa ń fi ohùn òkè sí. "Kọ̀ǹpútà": pú ló wà lókè, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tẹ̀. "Hòtẹ́ẹ̀lì": tẹ́ ló wà lókè. "Tísà" àti "gómìnà": iwájú ni. Kò sí tísà tó kọ́ wa; etí wa ló gbé e bẹ́ẹ̀, torí etí olóhùn mẹ́ta ni. Ẹ wá ṣe bákan náà fún ọ̀rọ̀ yòókù. Ẹ pe "refer" bí ẹni tó fẹ́ yá a: rìfá. Òkè wà lẹ́yìn, nítorí náà "referred", "referring". Ẹ pe "offer": ọ́fà. Òkè wà níwájú, "offered", "offering". Bìgín: "beginning". Ópìn: "opening". Fọ̀gẹ́ẹ̀tì: "forgetting". Físìtì: "visiting".

Ó tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Prefer" ń fún wa ní "preferred" pẹ̀lú r méjì láàárín, àmọ́ "preference" ní ẹyọ kan níbẹ̀. Kí ló fà á? Nínú "preference", ohùn ti sáré padà síwájú. "Occur" di "occurred", "occurrence" náà sì mú r méjì, torí pé ohùn kò kúrò ní ìdí "cur". Mo ti kọ́ àwọn ọmọ adúgbò ní ọ̀nà yìí, ojú wọn sì máa ń là nígbà tí wọ́n bá rí i pé ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé ni.

Ibi tí kò ti tẹ̀lé e ni l ti Bìrìtéènì: "travelled", "cancelled", l méjì, bẹ́ẹ̀ iwájú ni ohùn wà. Amẹ́ríkà ń kọ "traveled". Òfin náà dúró níbẹ̀ ju ti Bìrìtéènì lọ.

* * *

Bí ó ṣe di ìjà Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà nìyẹn. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ sọ. Àwọn kan ní "color" jẹ́ àṣìṣe, ó tán. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ló ni kọ̀ǹpútà, nítorí náà tiwọn ló tọ́.

Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe. Johnson to atúmọ̀ èdè tirẹ̀ ní London ní 1755, "colour" àti "centre" sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Webster to tirẹ̀ fún Amẹ́ríkà ní 1828, ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ dá dúró nínú ìwé bó ṣe dá dúró nínú ìjọba, ló bá mú "color" àti "center". Ó tiẹ̀ fẹ́ sọ "women" di "wimmen", àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀ fún un. Ilé ìwé Nàìjíríà ń tẹ̀lé Bìrìtéènì. Nítorí náà kí ọmọ yín kọ "colour", "programme", "cheque", "tyre", "jewellery", "skilful". Ohun tó burú ni kí ìpínrọ̀ kan ní "colour", kí èyí tó tẹ̀lé e ní "favorite". Ẹ lọ sínú ètò fóònù rẹ̀, kí ẹ yí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ti United Kingdom. Púpọ̀ nínú wọn ló ń wá pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, ó sì ń tún ohun tí kò bàjẹ́ "ṣe" fún un lójoojúmọ́.

Àwọn tísà wa kan wà tí wọ́n ń fa ìlà sí "organize" pé ti Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ń ṣàṣejù. Àwọn atúmọ̀ èdè Oxford, láti ọ̀kan nínú ìlú tó ti pẹ́ jù nínú ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "organize" ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni "advertise", "exercise", "surprise", "supervise": s ni títí ayé, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

* * *

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe orí pátákó ojú títì wá yọjú, ẹ sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Fọ́gánáísà tó kọ "vocanizer" sára táyà ń sọ ohun tó ń ṣe fún ẹni táyà rẹ̀ bẹ́, ó sì yé onítọ̀hún. Àwòrán rẹ̀ tí ẹ yà káàkiri kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Èyí tí ẹ̀ ń fi bú àwọn onígbàjámọ̀ pàápàá, "saloon", kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé "salon" ni wọ́n ń kọ lóde òní, àti pé "saloon" di irú ọkọ̀ kan, tàbí ilé ọtí. Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́, ní Bìrìtéènì fúnra rẹ̀, "hairdressing saloon" ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ sójú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ Faransé kan náà ló bí méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ yìí kò hùmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ àwa tí wọ́n ń sanwó fún. Lórí bánà òkú, mo ti rí "Internment follows immediately" tó ti dórí géètì olóòkú kó tó di pé ẹnikẹ́ni wò ó. "Interment" ni ìsìnkú. "Internment" ni kí ìjọba kó èèyàn sí àhámọ́. Bàbá tó ṣe dáadáa láyé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sin pẹ̀lú ayẹyẹ, kò yẹ kí a kọ irú rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. N kan ni, n kan tó bá bọ́ sí àárín r àti m. Nínú oṣù Kejìlá, "Complement of the season" á gba gbogbo ìlú. "Compliments" ni, pẹ̀lú i, ìkíni. "Complement" ni ohun tó mú nǹkan pé. Lórí káàdì ìgbéyàwó, "occasion" ló ń yọ wá lẹ́nu: c méjì, s ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín ṣe kọ́kọ́ fi hàn wá.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má fọwọ́ sí pírúfù lórí WhatsApp nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò bá yín kọ ọ́ kà á.

* * *

Ẹni tó bínú pé ẹrú ọkàn ni gbogbo èyí, pé kí ló kàn wá pẹ̀lú sípẹ́lì àwọn tó jọba lé wa lórí: mo gbọ́ yín, n kò sì fojú kékeré wo ìbínú yín. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yìí kò béèrè bóyá ó yẹ kí Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ó ti wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọjá. Tí ẹ bá fẹ́ jà fún Yorùbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí ẹ fi bínú yẹn, kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo.

Bí mo ṣe mẹ́nu kan Yorùbá yìí, ẹ jẹ́ kí n dá ìyá ìjọ yẹn lóhùn. Ẹ má jáwọ́ nínú Yorùbá nílé. Ẹ má ṣe é. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, pẹ̀lú tísà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe Yorùbá ló ń ba sípẹ́lì ọmọ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé èdè méjèèjì kò jọ gba òfin ìkọ̀wé kan náà.

* * *

Ó yá, Màmá, kí ni kí ẹ ṣe láàárín ìsinsìnyí àti ìdánwò?

Ẹ má ra ìwé ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ fún un. Àwọn tó ní kí ẹ mú un lọ sí ìdíje Spelling Bee kò burú, mo mọ ìwúrí tó wà nínú kí ọmọ tó gbapò kìíní níbẹ̀ di gómìnà ọjọ́ kan l'Ékòó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bi wọ́n níbẹ̀ jìnnà sí àwọn tó ń gé máàkì ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ tó ń dà á láàmú kò ní pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Ẹ kó gbogbo àròkọ rẹ̀ tí tísà ti fa pupa sí jọ, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣìṣe rẹ̀ jáde sínú ìwé kékeré kan, kí ó pín wọn sọ́nà méjì tí mo sọ lókè: ti ẹnu àti ti ojú.

Fún ti ojú, kó wá ìdílé ọ̀rọ̀. "Definite" ní "finite" nínú, "finish" sì jẹ́ ìbátan wọn: i ni gbogbo wọn ń jẹ́, a kò sí níbẹ̀. G inú "sign" tí kì í dún ń dún nínú "signature". N inú "condemn" ń dún nínú "condemnation". B inú "debt" ń dún nínú "debit". "Grateful" kì í ṣe "greatful", torí pé "gratitude" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Government" ní "govern" nínú, n rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí "ment" tó dé. Èyí tí kò bá ní ìdílé tó hàn, kó pè é bí ó ṣe wà nínú ìwé, bí ẹni ń ka Yorùbá, ní ìkọ̀kọ̀ ara rẹ̀: "Wẹdi-nẹsi-dee". "Sẹpa-raa-tee", kó gbọ́ a tó wà láàárín "separate". Etí tó ń tàn án tẹ́lẹ̀ á di ìránṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

"Pronunciation" ni kí ẹ ṣọ́ gidi. "Pronounce" wà, gbogbo èèyàn sì ń kọ "pronounciation" nítorí rẹ̀. Ìdílé tan wá jẹ níbẹ̀, ọmọ yìí kò ní o láàárín n àti u. Irú rẹ̀ kò pọ̀, àwọn yẹn ni kó há sórí.

Kí bàbá rẹ̀ tó ní ọ̀lẹ ni máa ka gbólóhùn fún un lálẹ́, kí ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn o, kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀, torí inú gbólóhùn nìkan ni "lose" àti "loose" ti ń yà. Ìwọ̀nba díẹ̀ lálẹ́ kan tó. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣí atúmọ̀ èdè, kó máàkì rẹ̀, kí bàbá má fọwọ́ kan báírò pupa rárá. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àròkọ, kó ka ìwé rẹ̀ láti gbólóhùn ìkẹyìn padà sí àkọ́kọ́. Bí a ṣe ń ka pírúfù nìyẹn, torí ojú tó bá ń tẹ̀lé ìtàn kì í rí lẹ́tà.

Tó bá ti kó àwọn àṣìṣe rẹ̀ jọ, ẹ gbé èyí tí kò bá yé e wá síbí, ká jọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.